Kí Ẹ Tó Jáde Wáṣẹ́ ní Òṣogbo: Ìwé, Ẹ̀kọ́ṣẹ́ àti Àwọn Tó Ń Ranni Lọ́wọ́

Inú fáìlì ni ọ̀pọ̀ olùwáṣẹ́ ti ń ṣubú, kì í ṣe níwájú àwọn tó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Orúkọ tó wà lórí èsì WAEC yàtọ̀ sí ti NIN, ọjọ́ ìbí tó wà ní báńkì kò bá ti ìwé ìbí mu, nọ́ńbà tó wà lórí CV kò sì lọ mọ́. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó lè tún ìyẹn ṣe láàárọ̀ ọjọ́ íntáfíù. Ìdí nìyí tí a fi ń ti ọ̀dọ̀ ìwé bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ìwé sílẹ̀

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jáde lẹ́ẹ̀kan náà: èsì ìdánwò girama, ìwé ẹ̀rí ilé ìwé gíga tí ẹ bá ní in, ìwé àgùnbánirọ̀, NIN, ìwé ìbí, lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wá máa ka orúkọ ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Rasheedat níhìn-ín, Rashidat lọ́hùn-ún. Taiwo nínú ọ̀kan, Taiye nínú èkejì. Lójú ará ilé, ẹnì kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ènìyàn méjì ni.

Tó bá jẹ́ àṣìkọ lẹ́tà kan tàbí méjì, ìwé ìbúra láti kóòtù sábà máa ń tó. Tó bá jẹ́ pé orúkọ yí padà, bíi ti obìnrin tó ti ń jẹ́ orúkọ ọkọ rẹ̀, ẹ máa nílò ìbúra, ìwé ìgbéyàwó àti ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ẹ má gé ìkéde yẹn nìkan. Ojú ewé náà lódindi ni kí ẹ tọ́jú, torí ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde wà lókè rẹ̀, ọjọ́ yẹn sì ni wọ́n máa wò.

Èwo ni ká wá tún ṣe, NIN àbí ìwé ẹ̀rí? Ìwé ẹ̀rí ìdánwò ló le jù láti yí padà, nítorí náà NIN ni kí ẹ fi bá a mu. Ẹ ṣe é kí iṣẹ́ tó yọjú: owó àtúnṣe ọjọ́ ìbí wọ́n ju ti orúkọ lọ, wọ́n sì máa ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí lọ́wọ́ àjọ tó ń ka iye ènìyàn, National Population Commission. Lẹ́yìn tí NIN bá ti dára, ẹ lọ tún ti báńkì ṣe, kí owó oṣù àkọ́kọ́ má baà há sọ́nà.

Lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ ní ọ̀fìn tirẹ̀ nílùú yìí. Ìjọba ìbílẹ̀ méjì ló pín ìgboro, Òṣogbo àti Ọlọ́rundá. Ibi tí ìdílé yín ti ṣẹ̀ ni lẹ́tà yẹn ń sọ, kì í ṣe ibi tí ẹ háyà yàrá sí. Ẹ mọ orúkọ agboolé bàbá yín kí ẹ tó lọ, wọ́n lè béèrè.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe fọ́tókọ́pì ẹ̀dà 5, kí ẹ sì ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya gbogbo rẹ̀ sí PDF ní ilé ìtẹ̀wé. Fọ́tò tí ẹ fi fóònù yà lórí ibùsùn, tí òjìji ọwọ́ yín wà lórí rẹ̀, kò dára fún ìwé iṣẹ́. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín, torí fóònù lè sọnù.

Ẹ̀kọ́ṣẹ́: ọ̀fẹ́ àti olówó

Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ọdún 1986 ni ìjọba àpapọ̀ dá NDE (National Directorate of Employment), àjọ tó ń rí sí ètò ìríṣẹ́, sílẹ̀, ó sì ní ọ́fíìsì ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń kọ orúkọ aláìníṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń fi ènìyàn sọ́dọ̀ ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ kó NIN, fọ́tò pélébé àti ìwé ẹ̀rí yín dání, kódà kó jẹ́ ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ẹ kọ sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ o. Ẹ̀kọ́ṣẹ́ wọn kì í bẹ̀rẹ̀ gbogbo ìgbà, ẹni tó ń yọjú lọ béèrè ló ń mọ ìgbà tí wọ́n fẹ́ mú ènìyàn. Fún iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà, 3MTT, ètò ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 2023, kò gba owó. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, dátà àti iná sì ni ìnáwó tí ẹ máa kojú.

Tó bá jẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà olówó, bóyá ní Ọláìyá tàbí Ògo-Olúwa, ẹ má san kọ́bọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ẹ yọjú lójijì ní ọ̀sán ọjọ́ tí kò sí iná. Ṣé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́? Ènìyàn mélòó ló dojú kọ ẹ̀rọ kan? Tí mẹ́ta bá ti ń pín ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò tí ẹ sanwó fún ni ọwọ́ yín máa fi kàn án. Ẹ béèrè ẹni tó ń ṣe ìdánwò ìparí: ṣé àjọ ìta ni, àbí olùkọ́ yín fúnra rẹ̀? Ẹ ní kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹni méjì tó ti parí níbẹ̀, kí ẹ sì pè wọ́n. Kí wọ́n sọ gbogbo owó pátá, títí kan fọ́ọ̀mù, ẹ̀wù àti ayẹyẹ ìparí, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi kún un. Ẹ san án ní ìdá-ìdá, kí ẹ gba rìsíìtì.

Iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá gba ìwé àdéhùn: oṣù mélòó, ta ló ń ra irinṣẹ́, èló ni owó fírídọ̀mù. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ àdìrẹ kó béèrè ìbọ̀wọ́ rọ́bà, torí kọ́sítíìkì sódà tí wọ́n ń pò mọ́ aró òyìnbó ń jó awọ ara. Ẹ tún béèrè bóyá ọ̀gá máa ń gbé ọmọọṣẹ́ lọ ṣe trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́. Ìpele mẹ́ta ló ní, ìkẹta ni ìbẹ̀rẹ̀. Wẹ́dà tó ní in lè wọ iléeṣẹ́ ńlá. Èyí tí kò ní in, ojú ọ̀nà ló wà.

CV

Òyìnbó ni a ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ lẹ́nu ní Yorùbá fún ẹnì kan. "Mo bá wọn tajà" kò sọ nǹkan kan. "Mo ń ka ọjà lọ́jọ́ Sátidé, mo ń lo POS, mo ń kọ owó sínú ìwé, àwa mẹ́ta la wà ní ṣọ́ọ̀bù" ti sọ iṣẹ́. Ojú ewé 2 tó. Nọ́ńbà méjì, tí ọ̀kan jẹ́ ti ará ilé tó máa ń gbé ìpè. Ẹ fi orúkọ yín pe fáìlì náà, kì í ṣe "CV tuntun 3".

Ẹ ṣọ́ra

Ẹni tó bá gba owó kí ẹ tó ṣe íntáfíù, ẹ fi í sílẹ̀. Atẹ̀jíṣẹ́ tó ní ẹ ti yege fún iṣẹ́ tí ẹ kò béèrè fún, ìpàdé ọjà títà ló sábà máa ń jẹ́. A-wáṣẹ́-fúnni gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ láti ọwọ́ iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí iṣẹ́. Ẹ ní kó fi hàn yín. Nọ́ńbà káàdì ATM àti OTP, nọ́ńbà àṣírí tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù yín, kò sí nínú ohun tí agbanisíṣẹ́ nílò.

Lọ́jọ́ íntáfíù àti lẹ́yìn rẹ̀

Tó bá jẹ́ Àbéèrè, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ wà, ni wọ́n pè yín sí, ẹ má fi ìrìn láti ìgboro ṣeré. Ẹ lọ wo ọ̀nà lọ́jọ́ tó ṣáájú.

Tí wọ́n bá gbà yín, òfin iṣẹ́ sọ pé agbanisíṣẹ́ gbọ́dọ̀ fún yín ní àdéhùn lákọsílẹ̀ kó tó pé oṣù 3. Owó oṣù tó kéré jù láti 2024 ni 70,000 náírà, ṣùgbọ́n òfin yẹn yọ ibi tí òṣìṣẹ́ kò tó 25 sílẹ̀, àwọn ilé ìwé aládàáni kéékèèké sì sábà máa ń wà lára àwọn tí wọ́n yọ sílẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní iye àti ọjọ́ tí wọ́n ń san án kí ẹ tó sọ pé ẹ gbà.