Ẹṣin Ọdún Nílé Wa: Ìtọ́sọ́nà fún Ẹbí Tó Ń Sin Ẹṣin Tàbí Tó Ń Yá A Gùn

Ìwé yìí wà fún ẹbí tó so ẹṣin mọ́lẹ̀ nítorí Ojúde Ọba, fún ẹni tó máa yá ẹṣin gùn lọ́jọ́ kẹta Iléyá ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti fún ọmọ ilé tí wọ́n ní kó máa bomi fún un. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlọrin tàbí Ọ̀yọ́ náà á rí tiyín nínú rẹ̀.

Ẹṣin kì í ṣe ẹran igbó kìjikìji. Eṣinṣin tsetse, tó fẹ́ràn igbó àti etí odò, máa ń gbé àrùn trypanosomiasis kó o, àrùn tó ń gbẹ ẹ̀jẹ̀ lára ẹran. Ìdí nìyẹn tí Ọ̀yọ́ Ilé fi ń ra ẹṣin láti òkè Ọya, tí ogun ẹlẹ́ṣin rẹ̀ sì ń lágbára jù ní ilẹ̀ ọ̀dàn. Ìtọ́jú ẹṣin Aláàfin tóbi débi pé ìjòyè kan, Olókùn-Ẹṣin, ló wà nídìí rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí Ọ̀yọ́ gbógun ti Dàhòmì ní àwọn ọdún 1720, nígbà ayé Agaja ọba Dàhòmì, ìró ìbọn dẹ́rù ba àwọn ẹṣin náà, wọn kò sì lè já lu ọ̀tá bó ṣe yẹ. Bí òjò bá sì dé, tí ohun tí ẹṣin ń jẹ bá wọ́n, àwọn ọmọ ogun á padà sílé. Oúnjẹ àti ariwo náà ló ṣì ń dá ẹṣin lágara lọ́dọ̀ wa títí dòní.

Kí ẹ tó sanwó

Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò. Eyín iwájú méjì tó wà láàárín máa ń pààrọ̀ bí ẹṣin bá tó ọdún 2 ààbọ̀, àwọn tó tẹ̀ lé wọn ní ọdún 3 ààbọ̀, ti igun ní ọdún 4 ààbọ̀. Bí ó bá fi máa pé ọdún 5, eyín àgbà ti kún ẹnu. Èyí tí eyín ọmọdé ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ kò tíì tó gbé àgbàlagbà tó wọ agbádá lọ́jọ́ ọdún, ohun yòówù kí ẹni tó ń tà á sọ. Ẹ jẹ́ kó rìn lórí ilẹ̀ líle. Bí ó bá ń gbé orí sókè nígbàkigbà tí ẹsẹ̀ iwájú kan bá kanlẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ló ń dùn ún.

Ẹ ya ẹṣin tuntun sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ 2 tàbí 3, kí dókítà ẹran sì gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀wò. Ẹṣin tó ń jẹun àmọ́ tó ń rù, tí ara rẹ̀ ń gbóná tó tún ń rọlẹ̀, tí abẹ́ ikùn rẹ̀ ń wú, ó ṣeé ṣe kí eṣinṣin tsetse ti kó bá a. Ẹ má fún un ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fún màlúù láìsí dókítà níbẹ̀. Oògùn tí màlúù gbà tí kò ṣe é ní nǹkan lè pa ẹṣin bí ìwọ̀n rẹ̀ bá fi díẹ̀ ṣìnà.

Oúnjẹ àti omi

Àpò oúnjẹ ẹṣin kéré gan-an sí bí ara rẹ̀ ṣe tóbi tó: nǹkan bíi lítà 8 sí 15 ló ń gbà. Ẹṣin kì í sì í bì. Ohun tó bá ti gbé mì, kò sí ọ̀nà àbáyọ fún un lókè mọ́. Nítorí náà, díẹ̀díẹ̀ ni kó máa jẹun látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Ẹṣin tó wọn kílò 300 nílò oúnjẹ gbígbẹ tó bíi kílò 6 lójúmọ́, kí koríko sì pọ̀ ju ohunkóhun lọ nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ koríko tútù, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin, nítorí omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkà bàbà, jéró àti dúsà (èèpo ọkà tí wọ́n gún kúrò) dára, ṣùgbọ́n kó má kọjá kílò 1 ààbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ bá fẹ́ yí oúnjẹ rẹ̀ padà, ẹ fi ọjọ́ 7 sí 10 pò ó mọ́ ti tẹ́lẹ̀. Ẹṣin tó já wọ inú àpò ọkà lóru lè yarọ: pátákò rẹ̀ á gbóná, á sì máa fi gìgísẹ̀ dúró.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ẹṣin ní oúnjẹ adìyẹ. Mo mọ̀ pé ó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹṣin sì fẹ́ràn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú oúnjẹ yẹn ni wọ́n po oògùn ìgbẹ́ ẹ̀jẹ̀ adìyẹ mọ́, irú bíi monensin àti salinomycin. Kò ṣe adìyẹ ní nǹkan, ṣùgbọ́n díẹ̀ péré nínú rẹ̀ ń ba iṣan ọkàn ẹṣin jẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ tún yẹra fún àgbàdo tó ti bu. Májèlé inú ebu rẹ̀ máa ń ba ọpọlọ ẹṣin jẹ́, kò sì sí bí ẹ ṣe lè sá a sóòrùn tí májèlé náà á fi kúrò.

Omi: kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan lójúmọ́ ni ìbẹ̀rẹ̀. Bí oòrùn bá mú tàbí tó bá ṣiṣẹ́, ó lè mu méjì. Ẹ gbé iyọ̀ sítòsí kó máa lá a.

Bí inú bá ń run ún

Á máa wo ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á máa fi ẹsẹ̀ iwájú walẹ̀, á dùbúlẹ̀, á dìde, á yí gbiri, á làágùn, kò sì ní yàgbẹ́. Ẹ kó oúnjẹ kúrò níwájú rẹ̀, ẹ pe dókítà ẹran lójú ẹsẹ̀, ẹ rọra máa fà á rìn bí ó bá gbà. Ẹ má rọ epo, àdí tàbí àgbo sí i lẹ́nu. Bí ó bá gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, ikú kejì nìyẹn.

Pátákò

Lójoojúmọ́ ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀, kí ẹ kọjú sí ìrù. Ẹ fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè wálẹ̀ títí dé ọrùn ẹsẹ̀, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Èyí tó bá ti mọ̀ yín á gbé e fún yín fúnra rẹ̀. Ẹ fi irin tí kò mú ha ẹrẹ̀ àti òkúta jáde, láti gìgísẹ̀ lọ sí iwájú, kí ẹ má gún ẹran rírọ̀ onígun mẹ́ta tó wà láàárín. Bí ibẹ̀ bá dúdú tó sì ń rùn, ilẹ̀ tútù ló ń jẹ ẹ́. Ẹ gbẹ́lẹ̀ ibùso rẹ̀ kí omi lè ṣàn kúrò. Kí ẹni tó mọṣẹ́ máa gé pátákò náà ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8. Ẹ bi dókítà léèrè abẹ́rẹ́ tetanus pẹ̀lú, nítorí ìṣó kékeré lásán lè gbé e wá.

Ìlù àti ìbọn

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù mélòó kan ṣáájú ọdún. Nígbà tó bá ń jẹun, kí onílù máa lu gángan lókèèrè. Bí kò bá gbé orí sókè mọ́, kí onílù sún mọ́ ọn díẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá ta gìrì, ẹ padà sẹ́yìn, ẹ má nà án. Ẹ so ẹṣin àgbà tó ti mọ ariwo mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Ìgbẹ̀yìn ni ìbọn, láti ọ̀nà jíjìn.

Ẹ rọra fa ìjánu, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ ní kété tó bá ti ṣe ohun tí ẹ fẹ́. Dídẹ̀ yẹn ló ń fi kọ́gbọ́n. Mo kórìíra bí àwọn kan ṣe ń fa ìjánu sẹ́yìn tí wọ́n tún ń gún un ní kẹ́sẹ́, kó lè fẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró kí àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Irin ń ya ahọ́n rẹ̀. Ẹ la ẹnu rẹ̀ wò lẹ́yìn irú eré bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ ọdún gan-an

Kí ẹni tó gùn ún pẹ̀lú gàárì má ju ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ẹṣin lọ: kílò 60 fún ẹṣin kílò 300. Ẹni tó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀, kó wá ẹṣin tó tóbi. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn méjì gun ọ̀kan, kí ọmọdé má sì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ẹṣin kì í rí ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an.

Nígbà tí ẹ bá ń retí kí ó kàn yín, ẹ wá ibòji, ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ dẹ okùn gàárì. Ẹ fún un lómi bí ó tilẹ̀ ń làágùn; kò sí òótọ́ nínú pé omi tútù ń pa ẹṣin tí ara rẹ̀ gbóná. Bí ó bá ń mí gùlegùle tí kò sì fẹ́ rọlẹ̀, ẹ tú gbogbo ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀, ẹ máa da omi sí i lára léraléra, kó má ṣe jáde mọ́ lọ́jọ́ náà, kódà bí ẹbí bá ti tò.

Bí ẹ bá délé, ẹ fi ìka tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ láti ọrùn dé ìbàdí. Ibi tó bá ti sún kúrò ni ọgbẹ́ ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má di gàárì lé e títí yóò fi san. Ẹ ka ìgbẹ́ rẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ yẹn àti lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ tó dá a padà fún ẹni tó yá yín.