Aago mẹ́fà ìdájí ni kí ẹ lọ wo mọ́tò oní-túbò

Ní oṣù Kejì, àbúrò mi ọkùnrin pè mí láti Gwarinpa ní Àbújá. Ó ní, "Àǹtí mi, mo ti rí Golf GTI, Volkswagen oní-túbò. Dúdú ni, ó ń dán gbinrin, ẹni tó ń tà á sì ní kí n tètè máa bọ̀, pé èèyàn méjì ló tún ń dù ú." Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: "Nígbà tí o gbé ọwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ṣé ó tutù?" Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ó gbóná, wọ́n ti sítáàtì rẹ̀ kí òun tó dé. Mo ní kó máa bọ̀ nílé.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Kubwa, Kàdúná ni wọ́n sì bí mi sí. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń to Peugeot 504 pọ̀ ní Kàdúná, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1975. Àwọn ló kọ́ mi pé etí ni kí n kọ́kọ́ fi wo mọ́tò kí n tó fi ojú wò ó. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tí mo ti ń wa GTI tèmi, owó olùkọ́ ni mo sì fi rà á. Mo fẹ́ràn bó ṣe máa ń gbéra nílẹ̀ débi pé inú mi kì í dùn bí mo bá rí ọ̀dọ́mọdé tó kó gbogbo owó rẹ̀ lé òkú ẹ́ńjìnnì. Ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí túbò ń ṣe, torí ibẹ̀ ni gbogbo àyẹ̀wò ti wá. Èéfín tí mọ́tò yòókù ń tú dànù láti inú sàlẹ́ńsà ni túbò fi ń yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì wà ní ìdí kejì ọ̀pá yẹn kan náà. Òun ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé, tó ń kì í mọ́ inú ẹ́ńjìnnì. Bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀, epo tó máa jó pọ̀ sí i, agbára á sì pọ̀. Alfred Büchi, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, ló gba ẹ̀tọ́ àbò lórí èrò yìí ní 1905. Òun ló jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì lítà méjì péré lára GTI 2006 máa mú agbára ẹṣin 200 jáde. Ọ̀pá kékeré yẹn lè yí ju ìgbà 150,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nínú ooru tó dà bíi ti ààrò, ọ́ìlì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nìkan ló sì gbé e ró. Tí ọ́ìlì bá gbó, tó bá lọ sílẹ̀, tàbí tí èèyàn sáré dé ilé tó sì pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, ọ́ìlì á jóná mọ́ ibẹ̀, á di èédú, ọ̀pá á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara rẹ̀. Bí ẹni tó ni mọ́tò tẹ́lẹ̀ ṣe ń pààrọ̀ ọ́ìlì gan-an lẹ ń fowó rà.

N kò mọ èyí nígbà tí mo ra àkọ́kọ́. Jíìpù kékeré kan ni, oní-túbò, ọ̀sán gangan ni mo lọ wò ó. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ nígbà tí mo dé. Ẹni tó tà á búra pé tòkunbọ̀ ni, pé kò tíì pé oṣù kan tó wọ̀lú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo kó àwọn ìbejì mi sínú rẹ̀, a ń lọ kí bàbá mi. A kọjá Jere díẹ̀, mo wo dígí ẹ̀yìn, n kò rí ọ̀nà mọ́: èéfín búlúù ló bo gbogbo rẹ̀. Túbò ti kú, ó sì ti fa ọ́ìlì wọ inú ẹ́ńjìnnì. Ọ̀nà Àbújá sí Kàdúná kì í ṣe ibi tí abiyamọ ń fẹ́ dúró pẹ́ sí. Awakọ̀ tírélà kan, Mallam àgbàlagbà kan, ló dúró tì wá títí ọkọ̀ afàmọ́tò fi dé. Mo tà á láìpé iye tí mo rà á, kò tilẹ̀ dé ìdajì. Láti ọjọ́ náà, n kì í wo mọ́tò tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ti gbóná, torí ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná lè fi àléébù rẹ̀ pamọ́.

Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ pín owó yín sí ọ̀nà mẹ́wàá. Méje ni ti mọ́tò. Ẹ má fọwọ́ kan mẹ́ta tó kù, bó ti wù kí mọ́tò náà rẹwà tó, torí oṣù kìíní ló máa jẹ ẹ́: ọ́ìlì, plọ́ọ̀gì, táímìn bẹ́líìtì, taya mẹ́rin tó dáa. Àbúrò mi bínú sí mi lórí èyí. Ó ní tí òun bá fi gbogbo owó náà sí i, òun á rí ti ọdún tó sún mọ́. Mo ní òótọ́ ni, á rí i, á sì gbé e kalẹ̀ sí ẹnu géètì.

Ní ti èwo ni kí ẹ rà: Golf GTI tí wọ́n ṣe láti 2006 sí 2007 ni mo máa ń kọ́kọ́ dárúkọ. Ó lágbára tó, ó ń di ọ̀nà mú, àwọn mẹkáníìkì tó mọ ilé Volkswagen sì wà ní Apo. Ṣùgbọ́n ó ní ibì kan tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn. Pọ́ńpù epo rẹ̀ wà lórí ẹ́ńjìnnì, ife irin kékeré kan tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ ló sì wà láàárín rẹ̀ àti káńṣáàfù, ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù ẹ́ńjìnnì. Káńṣáàfù ń gbá ife náà láìdákẹ́, ó ń jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bóòtù mẹ́ta ni ẹ máa tú kí pọ́ńpù tó jáde, ẹ fa ife náà síta, ẹ wo ìdí rẹ̀. Tó bá ṣì dúdú kanlẹ̀, ẹ dá a padà. Tí òrùka fàdákà bá ti yọ láàárín dúdú náà, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kò wọ́n. Tó bá ti lu, ẹ má fetí sí ohunkóhun tí ẹni tó ń tà á bá ń sọ, torí káńṣáàfù àti pọ́ńpù ti wọ inú ọ̀rọ̀. Àwọn tó dé lẹ́yìn wọn, tó ń lo ṣéènì dípò táímìn bẹ́líìtì, kò ní wàhálà ife yìí, àmọ́ ohun tó ń fún ṣéènì náà le máa ń dẹ̀ lára ọ̀pọ̀ wọn. Bí ẹ bá gbọ́ tí ṣéènì ń rọ gìrìgìrì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní kété tí ẹ sítáàtì rẹ̀ láàárọ̀, ẹ kọjá lọ.

DSG, gíà oníyára mẹ́fà tó ń yí ara rẹ̀ padà, tó wà lára GTI wọ̀nyí nílò ọ́ìlì tuntun àti fílítà ní gbogbo 60,000 kìlómítà. Ẹ béèrè ìwé rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọ́ìlì gíà yẹn kì í lọ títí ayé, kò tíì pààrọ̀ rẹ̀ rí nìyẹn.

Audi A4 lítà 2.0 ti 2009 sí 2011 ń mu ọ́ìlì. Ẹ wọn ọ́ìlì náà kí ẹ tó dá owó lé e. Hyundai Sonata oní-túbò ti 2011 àti 2012 lágbára, ẹṣin 274, àga rẹ̀ sì gba ẹbí, àmọ́ wọ́n kéde ní Amẹ́ríkà ní 2015 pé kí àwọn tó ni ín dá a padà wá nítorí bíárìnì inú ẹ́ńjìnnì. Tí ẹ bá gbọ́ kọ́ kọ́ kọ́ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, ẹ dágbére. BMW 335i ti 2007 sí 2010 tí ẹ ń rí tó dà bíi pé owó rẹ̀ rọra, túbò méjì ló ní, ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn sì ní láti fi kún àkókò ìdánilójú pọ́ńpù epo rẹ̀. Owó olùkọ́ kò tó o tọ́jú. Subaru WRX wù mí lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó ń ta pátì rẹ̀ nítòsí yín. Mercedes tí wọ́n kọ Kompressor sí lára kì í ṣe túbò rárá, bẹ́líìtì ló ń yí ohun tó ń kì afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì tirẹ̀, kì í ṣe èéfín.

Ó wá ku ìdájí. Ẹ bá ẹni tó ń tà á ṣe àdéhùn aago mẹ́fà, kí ẹ sì sọ fún un pé kó má ṣe tan ẹ́ńjìnnì. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, ẹ̀yìn náà ni ìkíni. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání, aṣọ funfun kan, àti mẹkáníìkì tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀ rí.

Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, ẹ nù ún sí aṣọ funfun yẹn. Ọ́ìlì aláwọ̀ oyin tàbí èyí tó dúdú díẹ̀ kò burú. Èyí tó nípọn bí ọ̀dà, tó ń run bí ohun tó jóná, ti sọ ìtàn rẹ̀ tán. Ẹ ṣí ìdérí ọ́ìlì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀: tí ohun tó dà bí ògì bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọ inú ọ́ìlì. Ẹ wo fílítà afẹ́fẹ́ náà. Ọyẹ́ tiwa níbí kì í ṣeré, eruku rẹ̀ ń wọ inú ẹyin. Tí fílítà bá ya, eruku yẹn á gba ibẹ̀ lọ sára abẹ̀bẹ̀ túbò, á máa gé e bí iyanrìn. Tí mẹkáníìkì bá lè tú páìpù tó wọ túbò, kí ó fi ìka méjì di imú ọ̀pá náà mú. Tó bá mì díẹ̀ sọ́tùn-ún sósì, kò burú. Tó bá ń wọlé tó ń jáde, tàbí tí etí abẹ̀bẹ̀ bá ti kán, túbò tuntun ni ẹ máa rà.

Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, ẹ má tíì sítáàtì. Iná ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tàn lójú dáṣíbọọ̀dù. Tí kò bá tàn rárá, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀. Ẹ sítáàtì, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ níbi tó wà fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá láìfọwọ́ kàn án, kí ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan. Búlúù tó bá jáde lásìkò yẹn, ọ́ìlì ló ń jó, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ara túbò ló ń gbà kọjá. Dúdú, epo ló pọ̀jù. Funfun tó ń rùn dídùn tí kò sì lọ bọ̀rọ̀, omi rédíétọ̀ ni.

Sikáná kékeré tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tó ń ka kóòdù àléébù tí kọ̀ǹpútà mọ́tò kọ sílẹ̀, kò wọ́n, ẹ ra tiyín. Tí kò bá sí kóòdù kankan níbẹ̀, ẹ má tíì yọ̀. Ẹ ṣí ojú ewé tó ń fi hàn bóyá mọ́tò ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀; tí púpọ̀ nínú wọn bá kọ NOT READY, ó jọ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kóòdù rẹ́ ni, bóyá ní alẹ́ àná. Ọ̀nà yẹn la fi mọ̀, nígbà tí a padà lọ wò ó, pé GTI dúdú tí àbúrò mi rí kò ṣeé rà.

Ẹ wà á lọ sí ọ̀nà Kubwa. Tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná dáadáa, ẹ fi sí gíà kẹta, ẹ tẹ̀ ẹ́ láti 2,000 dé 5,000 lójú mítà tó ń ka iye ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Agbára náà gbọ́dọ̀ dé bí ìgbà tí èèyàn gbé àtẹ́lẹwọ́ lé yín lẹ́yìn tó ń tì yín, kò gbọdọ̀ máa já ní ìdákúrekú. Súfèé díẹ̀ kò burú. Igbe bíi ti ọkọ̀ panápaná kò dáa. Ẹ má kọjá 100 kìlómítà ní wákàtí kan, òfin ni. Tí sàlẹ́ńsà bá ń ké bí ìbọn, tí wọ́n sì ní àwọn ti fi kún agbára inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn rà á.

Ní ti ìwé, ẹ ka nọ́ńbà ṣáàsì lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, mẹ́tàdínlógún ni: lẹ́tà àkọ́kọ́ ń sọ ibi tí wọ́n ti ṣe é, W fún Jámánì, J fún Japan, ìkẹwàá ń sọ ọdún, 7 fún 2007, B fún 2011. Kó bá ti ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù mu, kó sì bá ti ara dígí iwájú mu.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá rà á, ọ́ìlì sintẹ́tíìkì gidi ni kí ẹ máa lò, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní gbogbo 5,000 kìlómítà. Ẹ ra epo níbi tí mọ́tò ti ń pọ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìdérí táǹkì GTI pé epo tí octane rẹ̀ ga, èyí tí kì í tètè bú ṣáájú àkókò, ni kí ẹ lò, kọ̀ǹpútà inú rẹ̀ yóò sì dín agbára kù tí èyí tí ẹ rà kò bá tó. Tẹ́ ẹ bá sáré, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á.

Ìkẹrin tí a wò ni àbúrò mi rà, ní Lugbe, GTI aláwọ̀ eérú ti 2007. Òṣìṣẹ́ báńkì kan ló ni ín. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tutù débi pé ìrì wà lórí rẹ̀, ìwé ọ́ìlì ọdún mẹ́ta sì wà nínú pigeonhole, tí wọ́n tò tẹ̀léra wọn. Mẹkáníìkì mi tú bóòtù mẹ́ta yẹn, ó fa ife kékeré náà jáde, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ wo ìdí rẹ̀." Ó dúdú kanlẹ̀. Mo gbé e fún àbúrò mi, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn náà ló fọwọ́ sápò láti mú fóònù tó fẹ́ fi san owó.