Ọ̀pá Fáíbàgíláàsì Ò Ṣẹ̀ Yín: Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Apẹja Tuntun l'Ábùjá

Sátidé tó kọjá, mo jókòó sétí adágún Jabi, mo ń wo ọmọkùnrin kan tó ń na omi. Mi ò lè pè é ní ẹja pípa. Omi ló ń nà, bí ìyá tó ká ọmọ mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀. Ọ̀pá fláì oní-fáíbàgíláàsì ló dì mú (fláì ni ìjẹ àtọwọ́dá tí wọ́n fi ìyẹ́ àti òwú ṣe sára ìwọ̀), ọ̀pá tó dáa tí owó rẹ̀ ò ga ju ara lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá yìí ò lágbára." Mo ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Ó ti pẹ́ tí gbólóhùn yẹn ti ń ta mí létí, torí náà ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi lónìí kí n lè sinmi.

1. Ẹ ra ọ̀pá tí kì í ṣe ti fláì rárá

Ẹ dé ọjà Wuse, ẹ rí ọ̀pá tó ń wọnú ara rẹ̀ bí eríàlì rédíò, wọ́n kọ "fibreglass" sí i lára, ẹ san owó, ẹ gbé e délé. Òjé tí wọ́n ń so mọ́ okùn ni wọ́n ṣe irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ fún. Òjé á wúwo, á fa okùn lọ. Ti fláì yàtọ̀, torí ìyẹ́ àti òwú díẹ̀ tí wọ́n dì mọ́ ìwọ̀ ò wúwo tó nǹkan kan. Okùn gan-an ló wúwo, òun ló ń gbé fláì lọ. Kí ẹ tó fowó sílẹ̀, ẹ wo ìdí ọ̀pá náà: ibi tí ríìlì, ìyẹn ohun tí wọ́n ń ká okùn sí, ń jókòó sí gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́yìn ibi tí ọwọ́ ń dì mú, nọ́ńbà okùn (4, 5, 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ) sì gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ dá a padà fún ọlọ́jà kó lọ fi sá aṣọ.

2. Ẹ ń lé gígùn

Gbogbo ènìyàn ló fẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9. Fáíbàgíláàsì wúwo ju kábọ́ọ̀nù (carbon), ohun tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá òde òní, lọ, bó bá sì ti gùn tó ni orí rẹ̀ á ṣe máa fà yín lọ́rùn ọwọ́. 7 sí 8 ti tó fún omi tó yí wa ká níbí.

3. Okùn

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún mi.

Owó tí ẹ bá ní, okùn ni kí ẹ ná an lé lórí. Ohun tí mò ń rí ni pé àwọn ènìyàn á ra ríìlì tó ń dán yinrin bí àwo fàdákà ìyàwó, wọ́n á wá fi ṣéńjì tó kù ra okùn. Kí ni ríìlì fẹ́ ṣe? Epìyà tó tó àtẹ́lẹwọ́ mélòó ló máa fa okùn jáde nínú ríìlì? Ọwọ́ la fi ń fà á wálé. Fún epìyà, ilé okùn lásán ni ríìlì.

Mo mọ̀ nítorí pé èmi náà jẹ gbèsè òmùgọ̀ yẹn. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, mo bẹ ìbátan mi kan tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù kó bá mi ra ríìlì. Ó rà á, ó rẹwà, mo fi han gbogbo àdúgbò. Okùn tó pọ́ọ́kú jù ni mo wá rà, okùn tí wọ́n ṣe fún omi tútù ìlú òyìnbó. Mo gbé e lọ sí odò Usuma ní Gwagwalada, nínú oṣù kẹta, nígbà tí ooru ti lé ní ìwọ̀n 35. Kò tó wákàtí kan tí okùn náà fi di ewédú. Ó ń lẹ̀ mọ́ ara ọ̀pá, ó ń lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, ó ń lẹ̀ mọ́ ìka mi. Mo jù ú, ó bọ́ sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọmọdékùnrin Gbàgyí kan wà lápá òsì mi pẹ̀lú ọparun àti ekòló. Ó ti pa epìyà mọ́kànlá. Nígbà tó ń lọ ilé, ó wò mí títí, ó mú méjì nínú ẹja rẹ̀, ó ní kí ọ̀gá gba karfasa (epìyà lédè Haúsá) díẹ̀ kó má baà padà lọ́wọ́ òfo. Mo gbà á. Mo sè é. Ó dùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí okùn mi rèé: okùn omi tútù ní awọ rírọ̀ àti inú rírọ̀, kó má baà ká jọ bíi spring nínú òtútù. Tí ẹ bá gbé e dé inú ooru tiwa, rírọ̀ náà á pọ̀ jù. Okùn ilẹ̀ olóoru ní inú líle àti awọ líle, wọ́n sì máa ń kọ "tropical" sára páálí rẹ̀. Ẹ wá ọ̀rọ̀ yẹn. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ má san owó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ nọ́ńbà. Nọ́ńbà okùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìwúwo ẹsẹ̀ bàtà 30 àkọ́kọ́ lára okùn ni wọ́n fi ń kà á: okùn 5 jẹ́ grain 140, ìyẹn nǹkan bíi giráàmù 9, okùn 6 jẹ́ 160, okùn 8 jẹ́ 210. Ẹnì kan á sọ fún yín pé fáíbàgíláàsì fẹ́ okùn tó fi nọ́ńbà méjì ju èyí tó wà lára ọ̀pá lọ. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn aṣokùn mìíràn ti ń fi ìwúwo kún un láìyí nọ́ńbà padà, nítorí àwọn ọ̀pá kábọ́ọ̀nù líle. Tí ẹ bá tún wá lọ fi méjì kún un, ọ̀pá yín á tẹ̀ bí igi ọsàn tó so ju agbára rẹ̀ lọ, ẹ ó sì sọ pé kò lágbára. Nọ́ńbà tó wà lára ọ̀pá ni kí ẹ kọ́kọ́ fi gbìyànjú.

Ẹ má sì fi okùn sínú bùútù mọ́tò láti àárọ̀ dalẹ́. Bùútù mọ́tò l'Ábùjá, ẹ lè dín àkàrà níbẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo okùn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Ẹ fi aṣọ àti omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún.

Ó dáa, mo ti sinmi.

Ẹ wo ìkánjú. Òun ló ń pa ọmọkùnrin Jabi yẹn. Fáíbàgíláàsì máa ń tẹ̀ láti orí títí dé ìdí, kábọ́ọ̀nù líle sì sábà máa ń tẹ̀ lápá òkè. Ohun tó bá tẹ̀ jìnnà, ó máa ń pẹ́ kó tó padà. Tí ẹ bá ju okùn sẹ́yìn, ẹ dúró kó nà tán lẹ́yìn yín kí ẹ tó gbé ọ̀pá bọ̀ síwájú. Tí ẹ bá kánjú, okùn ò tíì nà, ọ̀pá ò rí nǹkan fà, gbogbo rẹ̀ á wá wọ́ jọ sórí yín. Èmi máa ń sọ "ẹ kú ilé o" sẹ́nu láàárín sẹ́yìn àti síwájú, kí ọwọ́ mi lè dúró. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ sókè jù, ìyá kan tó ń kọjá lẹ́yìn mi dáhùn pé, "Ẹ káàbọ̀ o." Ó tọ̀nà. Ẹja mẹ́ta ni mo pa lọ́jọ́ náà.

Kí ẹ má sì sọ fún mi pé fáíbàgíláàsì jẹ́ ọ̀pá aláìní. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, òun ló gba ipò lọ́wọ́ ọparun, òun ni àwọn ènìyàn sì fi ń pa ẹja ńlá kí ilé iṣẹ́ Fenwick ti Amẹ́ríkà tó gbé ọ̀pá kábọ́ọ̀nù wọ ọjà ní 1973. Ẹja ìgbà yẹn ò mọ̀ pé ọ̀pá náà ò lágbára.

5. (Ẹ má bi mí níbi tí 4 gbà.) Ẹ ò wẹ̀yìn

Fláì máa ń lọ sẹ́yìn kó tó lọ síwájú, etí adágún Jabi sì kún fún ènìyàn lópin ọ̀sẹ̀. Mo ti fi ìwọ̀ fa fìlà bọ́ lórí alàgbà kan níbẹ̀. Fìlà náà fò gba orí mi, ó balẹ̀ sórí omi, ó ń léfòó. Bàbá náà bi mí pé, "Ṣé èmi lo rò pé mo jẹ́ ẹja?" Mo dọ̀bálẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ìwọ̀ mi ni mo ń fi pílíà tẹ ẹ̀gún rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó lè rọrùn yọ lára ẹja, àti lára aṣọ.

Ẹ má jù ú lábẹ́ wáyà iná. Kábọ́ọ̀nù ń gbé iná; fáíbàgíláàsì ò gbé e, ṣùgbọ́n okùn tí omi ti rin lè gbé e. Tí òjò bá ń sán àrá, ẹ máa lọ ilé.

Ẹ má gbé orí ọ̀pá kọjá òkè gan-an tí ẹja bá ti sún mọ́ yín. Ibẹ̀ ni orí rẹ̀ ti ń ṣẹ́.

Ẹ fi àbẹ́là pa ojú ibi tí ọ̀pá ti so pọ̀, díẹ̀ báyìí.

Ẹ má wọ omi tó dákẹ́ rọ́rọ́ lẹ́sẹ̀ lásán. Àtọ̀sí ajá kì í bẹ ẹnikẹ́ni wò kó tó mú un.

Tí ẹ bá lọ sí Odò Ọya, ní Lọ́kọ́ja tàbí lókè lọ́hùn-ún ní Kainji, ẹja eléyín gígùn tí òyìnbó ń pè ní tigerfish wà níbẹ̀. Ẹ má gbé ọ̀pá sókè nígbà tó bá gbé fláì. Egungun ni ẹnu rẹ̀, fáíbàgíláàsì á kàn tẹ̀, ìwọ̀ ò ní wọlé. Ẹ dojú ọ̀pá kọ ẹja, ẹ fi ọwọ́ fa okùn gan-an, lẹ́ẹ̀kan, kó le. Ẹ fi wáyà tín-ín-rín sáàárín okùn àti fláì, nítorí ó máa gé ohunkóhun tó kù. Mẹ́ta ló bọ́ lọ́wọ́ mi kí n tó gbọ́n, ọ̀kan mú fláì mi tó dára jù lọ.

Àbúrò mi kan ní Kubwa ò gbọ́ gbogbo èyí. Ó ní fáíbàgíláàsì ń dójú ti òun, ó ta tirẹ̀ fún mi ní owó yẹpẹrẹ, ó ra kábọ́ọ̀nù olówó ńlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ó pa ilẹ̀kùn mọ́tò dé e. Ó gbé ìdajì ìsàlẹ̀ sílé mi, ó ní òun ń bọ̀ wá mú un. Kò tíì wá. Mò ń fi já máńgòrò.