Mo Yọ Fóòmù Kan Kúrò Létí: Alẹ́ Tí Mo Wo My Bloody Valentine ní Roundhouse

Lọ́dún 2008, iṣẹ́ sáìtì ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀n. Ẹ̀rọ tí ń fọ́ kọnkéré ló ń wà lọ́wọ́ mi láti àárọ̀ títí ọ̀sán fi ń pọ́n, nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ fi ariwo bà mí lẹ́rù, ẹ̀rín ni mo fi ń dá a lóhùn. Ọmọ Dublin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n má rẹ́rìn-ín mọ́. Tíkẹ́ẹ̀tì méjì ló rà, ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ lọ ti yẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ṣáà rántí mú fóòmù tí o fi ń dí etí dání."

Ẹgbẹ́ olórin ọmọ ìlú rẹ̀ la fẹ́ lọ wò, My Bloody Valentine, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Dublin ní 1983. Wọ́n gbé àwo Loveless jáde ní 1991, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì tí wọ́n ti ń kó láti sítúdíò kan dé òmíràn. Nígbà tó di 1992, wọ́n ṣeré gbẹ̀yìn, wọ́n sì dákẹ́ lọ gbári. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ̀rẹ́ mi yìí fi retí wọn, bí ẹni ń retí ẹ̀gbọ́n tó lọ òkè òkun tí kò kọ lẹ́tà sílé.

Mo wọ rélùwéè ní Peckham Rye dé London Bridge, mo bọ́ sínú ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ Northern line. Ẹni tó bá ń lọ Chalk Farm, níbi tí Roundhouse wà, kó wo iwájú ọkọ̀ dáadáa bóyá Edgware ni wọ́n kọ síbẹ̀. Èmi ò wò ó, àfi bí mo ṣe bá ara mi ní Kentish Town, mo tún ń padà sí Camden Town, níbi tí ọ̀nà ti pínyà.

Ilé roboto gìrìwò ni Roundhouse. Àwọn ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin ni wọ́n kọ́ ọ fún ní 1847, kí wọ́n lè máa yí orí wọn padà láàrin rẹ̀, òpó irin mẹ́rìnlélógún ló sì gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń pín fóòmù etí fún gbogbo èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnu yà mí. Ní òde àríyá tiwa, àárín àwọn àgbà gan-an la máa ń kọjú sípíkà sí, kò sì sẹ́ni tó ń pín òwú fún wọn.

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó yí wa ká kàn ń fi ìka ti tiwọn bọ etí bí ẹni ń dé ìgò ni. Fóòmù kì í ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀. O máa fi ìka yí i títí yóò fi tín-ín-rín bí ọwọ̀n ìgbálẹ̀. O máa wá na ọwọ́ kejì gba orí kọjá, kí o fa etí sókè sẹ́yìn díẹ̀ kí ihò rẹ̀ lè tọ́, kí o ti fóòmù wọlé, kí o fi ìka tẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀ títí yóò fi wú padà. Bó bá ti wọlé dáadáa, ohùn ara rẹ yóò máa dún sí ọ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Wọ́n kọ́ wa ní sáìtì pé bí ariwo bá jẹ́ dẹ́síbẹ́ẹ̀lì (òṣùwọ̀n ariwo) 85, etí lè gbà á fún wákàtí mẹ́jọ. Bí o bá fi mẹ́ta kún un, kí o gé àkókò náà sí méjì. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ dé 100: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ló kù.

Kevin Shields, onígìtá ẹgbẹ́ náà, kì í bá èrò sọ̀rọ̀. Ó ń lu gìtá, irin tí ń tẹ ohùn wà lọ́wọ́ rẹ̀ kan náà, gbogbo orin wá ń yọ̀ kọ́rọ́kọ́rọ́ bíi kásẹ́ẹ̀tì tí oòrùn ti pa. Òun àti Bilinda Butcher ń kọrin bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. N ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Mo bi ọ̀rẹ́ mi pé kí ni wọ́n ń wí, ó ní òun náà ò mọ̀, láti 1991. Ó ká mi lára díẹ̀, torí etí tèmi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ìlù láìwá ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Orin tí wọ́n fi parí ni "You Made Me Realise". Nígbà tó dé àárín, gbogbo wọn kọlu ohùn kan ṣoṣo, wọn ò sì kúrò lórí ẹ̀ mọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, àwọn kan fọwọ́ bo etí, wọ́n bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ṣòkòtò mi ń gbọ̀n mọ́ mi lójúgun. Ìgbì kéékèèké ń sáré yípo nínú ife bíà tó wà lọ́wọ́ mi, èmi sì rèé, n ò mira.

Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ariwo yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í là sí méjì, sí mẹ́ta. Mo gbọ́ òjò lórí páànù. Mo gbọ́ àwọn obìnrin tí ń kọrin lókèèrè. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ dùndún kan, ó ń pe èèyàn, n ò kàn mọ ẹni tó ń pè ni. Mo fẹ́ gbọ́ ọ dáadáa. Mo fa fóòmù etí ọ̀tún yọ.

Ìwà òmùgọ̀ pátápátá ni. Dùndún náà pòórá, abẹ́rẹ́ ló kù. Mo fẹ́ dá fóòmù padà, ìka mi ti tutù fún òógùn, kò ṣeé yí, ìdajì ló wọlé. Bí mo ṣe fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí kan nìyẹn títí wọ́n fi já padà sínú orin náà lójijì, tí gbogbo ilé pariwo. Mo wo aago: ó ti ju ogún ìṣẹ́jú lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, màmá mi pè láti Ìbàdàn. Etí ọ̀tún ni mo fi ń gba fóònù, híín-ín-ín sì ni etí ọ̀hún ń dún. Gbogbo "s" àti "f" àti "ṣ" inú ọ̀rọ̀ wọn ti lọ, ohùn nìkan ló ń wọlé, lókè, nísàlẹ̀, láàrin. Dò-dò-mí. Àjàní nìyẹn. Mí-re-re-re-re. Ta ni ò mọ̀ pé ṣé mo ti jẹun ni wọ́n ń béèrè?

"Mo ti jẹun, Màmá!"

"Kí ló dé tí o ń jágbe mọ́ mi? Ta ló ń bá ọ jà níbẹ̀?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi jà, Màmá. Inú yàrá ni mo wà." Mo gbé fóònù bọ́ sí etí òsì.