Bí afẹ́fẹ́ bá ń gbé ọkọ̀ yín sáré lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)

Afẹ́fẹ́ òkun ọ̀sán kì í jẹ́ kí ọkọ̀ apẹja pẹ́ lórí ẹja ọ̀bọ̀kún. Òjé tó wà lókùn ìwọ̀ á gbéra nílẹ̀, ìwọ̀ á máa kọjá lókè ẹja. Ìdákọ̀ró kọ́ ni oògùn rẹ̀, torí a fẹ́ kí ọkọ̀ máa rìn, àmọ́ jẹ́jẹ́. Àpò tí omi ń kún, tí ọkọ̀ ń wọ́ lẹ́yìn, ló yanjú ẹ̀.

Àpò ìrẹsì oníkílò 50 tó fún ọkọ̀ kékeré. Ẹ rán wáyà líle yí ẹnu rẹ̀ ká kó má baà padé. Okùn 4, mítà kan kọ̀ọ̀kan, ni kẹ́ ẹ so mọ́ ẹnu náà, kí wọ́n pàdé ní kókó kan. Ìgò ike òfìfo lọ sí ètè òkè, òjé sí ètè ìsàlẹ̀. Ọ̀sà wa ò jìn. Láìsí ìgò yẹn, ẹrẹ̀ ni àpò á máa wà.

Ìdí àpò ló máa ń dà á rú jù. Bẹ́ ẹ bá rán an pa, omi ò ní rọ́nà jáde, àpò á máa fì sọ́tùn-ún sósì, á sì máa já ọkọ̀ gbà. Ẹ gé ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 8 síbẹ̀. Bó bá ṣì ń fì, ẹ fẹ̀ ẹ́ sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ so okùn tín-ín-rín mọ́ ìdí yẹn náà, òun lẹ máa fi fà á wọlé. Àpò tó kún fómi ò ṣeé fà láti ẹnu.

Ẹ̀gbẹ́ tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀ ni kẹ́ ẹ ti jù ú, pẹ̀lú okùn mítà 4, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ á gun orí rẹ̀. Bí imú ọkọ̀ bá ń ṣáájú, ẹ sún okùn síhà imú. Bí ìgbì bá ga, imú gan-an ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kómi má baà gba ẹ̀gbẹ́ wọlé.