Wákàtí 72 ní Àjàṣẹ́

Ọjọ́ Ẹtì, 3 oṣù Òkúdù 2022, ni mo bí ọmọbìnrin mi ní Àjàṣẹ́, ìlú kan ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo, tí àwọn Gùn ń pè ní Xọ̀gbónù. Mo fẹ́ kọ bó ṣe lọ sílẹ̀ nítorí àwọn obìnrin ilé wa tó ń bá ọkọ wọn sọdá síbẹ̀, àti nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan tí n kò gbọ́ rí kí wọ́n dárúkọ rẹ̀ nínú ìpàdé àwọn aboyún ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí. Ọkọ mi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní èdè Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, èmi sì lọ bá a ní 2021. Ẹ̀rù èdè ló kọ́kọ́ bà mí, àmọ́ ọjọ́ tí mo dé ọjà Wàńdó, Yorùbá ni ìyá tó ń ta ata fi dá mi lóhùn. Ànàgó, àwọn Yorùbá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, pọ̀ ní Àjàṣẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn Gùn náà sì gbọ́ èdè wa. Ìyá onílé wa, Alhájà ọmọ Sákété, láti ọjọ́ kìíní ló ti ń pè mí ní "Ìyàwó Tíṣà". Ohun tí kò gbọ́ Yorùbá níbẹ̀ ni ìwé. Ìwé oògùn, ìwé àyẹ̀wò, èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ilé ìgbẹ̀bí, Faransé ni gbogbo wọn.

Oyún mi ti wọ oṣù kẹta kí n tó lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n fún mi ní ìwé kékeré kan tí wọ́n ń pè ní carnet. Ẹ má jẹ́ kó jìnnà sí yín, ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, torí ilé ìwòsàn yòówù tí ẹ bá sáré wọ̀ lóru, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè. Agbẹ̀bí tó gbà mí ti lé ní àádọ́ta ọdún, Gùn ni, Yorùbá rẹ̀ sì já gaara. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ mi, ó gba ìtọ̀ mi, ó kọ àyẹ̀wò lọ bẹẹrẹ. Ìbọ̀wọ́, òwú, abẹ́rẹ́, wọn yóò kọ ọ́ sí bébà fún yín ni, ẹ ó lọ rà á nílé oògùn, ẹ ó gbé e padà wá. Nítorí náà, ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Láti oṣù kẹrin ni mo ti ń gbé oògùn ibà mì lójú wọn níbẹ̀. Mo gba abẹ́rẹ́ ìpá, mo sì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ lójoojúmọ́.

Nígbà tí èsì àyẹ̀wò dé, agbẹ̀bí náà tẹjú mọ́ ọn pẹ́. Ó ní kí n pe ọkọ mi wọlé. Ó gbé bébà kan, ó ya àmì ìròpọ̀ sí apá kan, ó ya àmì àyọkúrò sí apá kejì, ó sì fi bírò kan àmì àyọkúrò náà. "Ìyàwó, ìwọ nìyí. O négatif." Ó fi bírò náà kan èkejì. "Ọkọ rẹ nìyí."

Bó ṣe là á yé wa nìyí. Ohun kan wà lára ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń pè ní Rhésus. Ọkọ mi ní i, èmi kò ní i, ọmọ sì lè mú ti bàbá rẹ̀. Nígbà ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ a máa ta sí ti ìyá. Ara ìyá yóò rí i bí àlejò, yóò sì kó ọmọ ogun jọ dè é. Ọmọ àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ lọ́wọ́ wọn, torí ó ti jáde kí ogun tó mọ́ra. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé e ni ogun ń bá nínú ilé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa tú nínú oyún, ojú rẹ̀ lè pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ó bá délé ayé, ó sì lè kú kó tó dé. Abẹ́rẹ́ kan wà tó ń dí ogun náà lọ́nà, anti-D ni orúkọ rẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ pọ́sítíìfù, kí ìyá gbà á láàárín wákàtí 72 tó bímọ.

Mo bi í léèrè bóyá oyún tó bàjẹ́ lára ènìyàn náà kà á. Ó ní ó kà á.

Mo ti pàdánù oyún oṣù mẹ́ta kan ní 2020. Kò sẹ́ni tó bi mí pé irú ẹ̀jẹ̀ wo ni mo ní, kò sì sẹ́ni tó fún mi ní abẹ́rẹ́ kankan. Orí àga yẹn ni mo ti bú sẹ́kún.

Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ mi lọ sí Kútọnu láti wò ó bóyá ọmọ ogun ti wà níbẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi retí èsì. Mo máa ń jí ní aago márùn-ún ìdájí, kí ẹnikẹ́ni tó dìde lágbàlá, màá jókòó sẹ́bàá fèrèsé. Ọmọ ìjọ ni mí láti kékeré, mo mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà gígùn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò wá. "Bàbá, ọmọ yìí" ni mo ń sọ, màá sì dákẹ́. N ó tún sọ ọ́, n ó tún dákẹ́. Ní ọjọ́ kẹwàá, èsì dé, kò sí ọmọ ogun kankan nínú ẹ̀jẹ̀ mi. Mo kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì ibẹ̀, tikùn-tikùn.

Nínú ìjọ wa ní Àjàṣẹ́, tí wọ́n ti ń fi Yorùbá àti Gùn ṣe ìsìn, mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún àwọn obìnrin kí wọ́n lè bá mi gbàdúrà. Arábìnrin kan di ọwọ́ mi mú. Ó ní kí n má gba ìròyìn àwọn dókítà gbọ́, kí n kọ ẹ̀jẹ̀ yẹn ní orúkọ Jésù. Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá ìjọ, ìyàwó pásítọ̀ wa, kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Ta ló dá ẹ̀jẹ̀ náà? Ẹni tó dá a ni a fẹ́ bẹ̀ yìí, kí ló wá fẹ́ kọ̀ níbẹ̀? Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà kí abẹ́rẹ́ wà lọ́jọ́ tí a bá ń wá a." Àdúrà tí wọ́n sì gbà nìyẹn, látọjọ́ náà títí mo fi bímọ. Nígbà yẹn, mo rò pé àdúrà kékeré ni.

Màríà ìyá Jésù kì í kúrò lọ́kàn mi lásìkò náà. Ìwé ìjọba ló gbé òun náà kúrò nílé pẹ̀lú oyún, nígbà tí Késárì ní kí gbogbo ayé lọ forúkọ sílẹ̀. Bíbélì kò sọ fún wa pé ìyá tirẹ̀ wà níbẹ̀. Èmi rí ìyá tèmi. Láti oṣù Ògún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà ti ti ẹnubodè Ìdí-Ìrókò, oṣù Igbe 2022 ni wọ́n tó ní kí wọ́n ṣí i, ìparí oṣù Èbìbí ni màmá mi gba ibẹ̀ kọjá, ó gba Ìgólò, ó dé. Ó gbé èlùbọ́ wá, àti òrí, àdín, kànrìnkàn tuntun, àti ìgò òróró tí pásítọ̀ rẹ̀ gbàdúrà sí.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni ìrọbí mú mi. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, òjò ti dé, irú òjò oṣù Òkúdù tí kì í jẹ́ kí ọlọ́kadà dúró. Ọmọ ìyá onílé ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ. Wọn ò jẹ́ kí màmá mi wọ yàrá ìgbẹ̀bí, ló bá lọ dúró sẹ́yìn fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ, lábẹ́ orùlé tí òjò ń ṣàn lára rẹ̀, ó ń ka Sáàmù 121. Bí òjò bá rọlẹ̀ díẹ̀, màá gbọ́ ọ. Bó bá tún le, ohùn rẹ̀ á rì. Mo wá mọ̀ pé kì í dákẹ́, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ ni.

Ọmọdébìnrin kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ń pariwo "Poussez! Poussez!" lé mi lórí. Mo mọ ọ̀rọ̀ yẹn o, ọkọ mi ti kọ́ mi, ṣùgbọ́n ìrora ti gbá gbogbo Faransé inú mi dànù. Agbẹ̀bí àgbà tì í sẹ́yìn wẹ́rẹ́, ó gbé ẹnu sí etí mi. "Ìyàwó, fi gbogbo ara tì í. Olúwa ń bẹ níbí." Aago mọ́kànlá kọjá ogójì ìṣẹ́jú lọ́mọ ké. Mo ní "Jésù, o ṣé", ó ní "Àmín", ó sì gún mi lábẹ́rẹ́ ní itan kí ẹ̀jẹ̀ má bàa ya. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tó fa ẹ̀jẹ̀ láti inú okùn ìwọ́ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ olómorí elésè-àlùkò, tó sì kọ orúkọ mi sí i. Nínú gbogbo ariwo yẹn, kò gbàgbé.

Ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta ni èsì jáde. Ọmọ náà, O pọ́sítíìfù.

Ó yẹ ká ti ra abẹ́rẹ́ náà sílẹ̀. Owó rẹ̀ ju ìdajì owó oṣù ọkọ mi lọ, a sì rò pé bí ọmọ bá jẹ́ négatif bíi tèmi, owó náà ṣòfò. Ohun tí a kò rò ni pé ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì ni ọjọ́ Àìkú yẹn, àti pé ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ìsinmi ìjọba ni ní Bẹ̀nẹ̀. Ilé oògùn tó bá kan láti ṣiṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní pharmacie de garde, nìkan ló ń ṣí. Ọkọ mi gun zémì, ọ̀kadà ibẹ̀, láti ìkan dé ìkejì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi kan ní ó ti tán, ibi kejì ní àwọn kì í tà á, ẹ̀kẹta ní ká padà wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wákàtí 72 á ti kọjá. Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá jẹ́ négatif nínú yín, kí oṣù kẹjọ tó pé, ẹ lọ bá olóògùn sọ̀rọ̀ kó bá yín fi ọ̀kan pamọ́ sínú fíríìjì.

Alẹ́ Àbámẹ́ta yẹn ni ìgbàgbọ́ mi mì. Ọmọ ń mu ọmú, ara rẹ̀ dá ṣáṣá, èmi sì ń ro ọmọ tí n kò tíì lóyún rẹ̀. Mo bínú sí Ọlọ́run, mo sì sọ fún un. Màmá mi gbọ́ mi. Kò bá mi wí. Ó da òróró díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi pa àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó wá ní kí n sùn, òun á máa bá a lọ níbi tí mo bá a dé.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, pásítọ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà fún ìjọ, gbogbo ẹni tó ní fóònù sì ń pe ẹni tó mọ̀. Orí ìyá onílé wa ni ọ̀rọ̀ ti wá já. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ń gbé Kútọnu, ó mọ olóògùn kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n pè é. Ó ku ẹyọ kan. Àwọn ìjọ yá wa lówó tó kù.

Bí kìlómítà ọgbọ̀n ni Kútọnu sí Àjàṣẹ́. Ọkọ mi kúrò nílé ní ìdájí ọjọ́ Ajé. Olóògùn náà di abẹ́rẹ́ sáàárín yìnyín nínú báàgì kékeré, ó ní kó má jẹ́ kó gbóná, kó má sì jẹ́ kó di yìnyín. Súnkẹẹrẹ-fàkẹẹrẹ ọkọ̀ mú un lọ́nà. Nígbà tó gun afárá Àjàṣẹ́, ó pè mí, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní, "Mo ti rí ọ̀sà." Aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú ni agbẹ̀bí gún mi. Wákàtí 64 àti ogójì ìṣẹ́jú. Ìjọ tí mò ń wò pé àdúrà kékeré ni wọ́n ń gbà, oṣù mẹ́fà ni wọ́n fi gbà á.

A sọ ọmọ lórúkọ lọ́jọ́ kẹjọ. Pásítọ̀ gbàdúrà, ìyá onílé gbé àkàsà àti ẹja wá, òun náà sì fún un lórúkọ. Ọmọ Nàìjíríà ni, àgbègbè tí wọ́n bí i sí kò yí ìyẹn padà, torí abala 25 ìwé òfin 1999 sọ pé ẹni tí ọ̀kan nínú òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ ilẹ̀ wa, ọmọ ilẹ̀ wa ni. Ṣùgbọ́n ẹ gba ìwé ìbí ti ibẹ̀ kíákíá, torí òun náà ni ẹ ó gbé lọ sí ilé aṣojú Nàìjíríà ní Kútọnu.

Ìtùnú la sọ ọ́. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ sílẹ̀, Ànàgó bíi tiwa, kọ ọ́ bí àwọn Faransé ṣe kọ́ ọ: ITOUNOU. Ọkọ mi ní rárá, kò ní bá ìwé ìrìnnà mu lọ́la. Ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó tẹ̀ síwájú sórí tábìlì, ó sì ń pe lẹ́tà náà lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tó bá wà ní kíláàsì. Akọ̀wé náà fa ìlà sí ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ó tún un kọ.