Nọ́ńbà ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tó ń ba ọkọ̀ jẹ́

Ọkọ̀ tí ìwé ìtọ́sọ́nà tó bá a wá ní kí wọ́n máa rọ ọ́ìlì 0W-20 tó ṣàn sí, 20W-50 tó ki ni ẹlòmíì ń rọ sí i. Ẹ bi í léèrè ìdí, á ní ooru ti pọ̀ jù fún ọ́ìlì tó ṣàn bí omi, tàbí pé ọkọ̀ náà ti dàgbà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́ létí. Àmọ́ ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló mọ bí àlàfo tó wà láàárín irin àti irin inú rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, àlàfo yẹn ló sì wò kó tó yan nọ́ńbà tó kọ sínú ìwé.

Wọ́n ń ṣi nọ́ńbà náà kà

Lẹ́tà W tó wà láàárín, ìgbà òtútù ló ń tọ́ka sí. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó nígbà tí òtútù bá mú un gan-an: nínú SAE J300, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń pín ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ìpele, -35°C ni wọ́n ti ń dán 0W wò bóyá ẹ́ńjìnnì lè yí, 5W ní -30°C, 15W ní -20°C. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ló ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná dé 100°C. Àwọn kan gbà pé 40 tó wà lẹ́yìn nínú 0W-40 ni ìwọ̀n ooru ojú ọjọ́ tí ọ́ìlì lè fara dà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tán, ìpele kan náà ni 0W-40 àti 5W-40 wà. Ẹni tó sá fún 0W-40 nítorí pé ó ṣàn jù, tó wá lọ ra 10W-30, èyí tó ṣàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló gbé wálé.

Ooru kọ́ ló ni kí ẹ rọ èyí tó ki

Tẹmọ́sítàtì àti rédíétọ̀ ló ń darí bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó. Omi inú rẹ̀ sábà máa ń wà ní nǹkan bí 90°C, ì báà jẹ́ ibi tí yìnyín ti ń bọ́, ì báà jẹ́ ibi tí oòrùn ti ń ta. Lóòótọ́, ooru ìta máa ń kan ọ́ìlì díẹ̀, pàápàá bí ọkọ̀ bá ń fa ẹrù wúwo gun òkè. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà kò gbàgbé ìyẹn. Ọ̀pọ̀ ìwé Toyota sọ pé 0W-20 ló dára jù, pé bí kò bá sí, ẹ lè rọ 5W-20, kí ẹ sì padà sí 0W-20 nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì. Àwọn ìwé náà tún sọ pé èyí tó ki jù bẹ́ẹ̀ lè dára fún ọkọ̀ tó ń sá eré púpọ̀ tàbí tó ń ru ẹrù tó pọ̀. Ààyè wà nígbà náà, àmọ́ inú ìwé ló wà. Ojú ìwé kan péré ni, ó sì yà mí lẹ́nu bí àwọn tó ń kà á ṣe kéré tó.

Ibi tí ọ́ìlì tó ki jù ti ń ṣe jàǹbá gan-an ni àwọn ẹ́ńjìnnì òde òní. Agbára ọ́ìlì ló ń yí kámùṣáfùtì, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, díẹ̀ síwá sẹ́yìn kí fáàfù lè ṣí lásìkò tó yẹ, ihò tí ọ́ìlì náà ń gbà kọjá sì kéré púpọ̀. Bí ó bá ki ju bó ṣe yẹ lọ, ìyípadà náà á falẹ̀, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á kíyè sí i, iná ẹ́ńjìnnì á tàn. Wọ́n á wá máa pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn láìbi ara wọn pé irú ọ́ìlì wo ló wà nínú rẹ̀. Ohun tó ń fa ṣéènì táímìǹgì le náà, ọ́ìlì ló ń lò nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì. Tọ́bò tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Bí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tan ọkọ̀ láàárọ̀, ọ́ìlì ló ń retí kí irin tó bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin.

Ẹ má sì jẹ́ kí ìfúnpá ọ́ìlì tó ga lójú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn yín. Ohun tó ki ṣòro láti tì, ìdí nìyẹn tó fi ga. Bó bá ga kọjá ààlà, fáàfù inú pọ́ǹpù á ṣí, á dá apá kan ọ́ìlì padà. Fáàfù fíltà náà lè ṣí láàárọ̀ kùtù, kí ọ́ìlì tí a kò sẹ́ máa lọ sára bẹ́ríǹgì.

“Ó ti dàgbà, ó fẹ́ èyí tó ki”

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ọ́ìlì tó ki máa ń mú kí nọ́ọ̀kì ẹ́ńjìnnì rọlẹ̀ kí èéfín sì dín kù fún ìgbà díẹ̀. Àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ mọ èyí dáadáa. Àmọ́ ríǹgì pisitínì tó ti jẹ àti rọ́bà fáàfù tó ti gan kò kúrò níbi tí wọ́n wà. Bí ọkọ̀ bá ń jẹ ọ́ìlì, ẹ kọ́kọ́ wá ibi tó ń gbà lọ. Bí ìwé bá fàyè gba 30 àti 40, kí ẹ gòkè lọ sí 40 kò burú. Láti 20 kí ẹ fò sí 50, èmi ò ní bá yín dá sí i.

Lọ́dún 2025, General Motors pe àwọn ọkọ̀ tó ní ẹ́ńjìnnì V8 onílítà 6.2 padà, àwọn tó lé ní ìdajì mílíọ̀nù ní Amẹ́ríkà nìkan. Èyí tó bá yege nínú àyẹ̀wò, 0W-40 ni wọ́n rọ sí i dípò 0W-20. Àwọn kan ń fi èyí ṣe ẹ̀rí pé ọ́ìlì tó ṣàn kò dára. Àmọ́ àléébù tó wà lára kíránkì àti ọ̀pá tó so pisitínì mọ́ ọn ni wọ́n ń bá jà, ẹni tó ṣe ẹ́ńjìnnì ló sì yí nọ́ńbà padà fúnra rẹ̀: ó fún wọn ní ìdérí ọ́ìlì tuntun àti ojú ewé tuntun fún ìwé ọkọ̀.

Èyí tó ṣàn jù náà ń pa ẹ́ńjìnnì

Ẹ́ńjìnnì S54 inú BMW M3 E46, 10W-60 ló ń lò. Ẹni tó bá rọ 0W-20 sí i torí kó lè dín epo tó ń jó kù, bẹ́ríǹgì rẹ̀ ló ń fi ṣòfò. Nínú ẹ́ńjìnnì tó fẹ́ ọ́ìlì tó ki, èyí tó ṣàn jù máa ń jẹ́ kí iná ọ́ìlì máa ṣẹ́jú nígbà tí ọkọ̀ bá gbóná tó sì dúró sójú kan.

Nọ́ńbà nìkan kò tó

Ìlànà ọ́ìlì tí Volkswagen ń pè ní 508 00 jẹ́ 0W-20, àmọ́ kì í ṣe gbogbo 0W-20 ló bá ìlànà yẹn mu. Ford EcoBoost onílítà 1.0 tí bẹ́líìtì táímìǹgì rẹ̀ ń yí nínú ọ́ìlì tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọ́ìlì tí kò bá ìlànà mu lè jẹ rọ́bà bẹ́líìtì náà, èérún rẹ̀ á sì dí ẹnu ibi tí pọ́ǹpù ti ń fa ọ́ìlì.

Bí ẹ bá ti rọ èyí tí kì í ṣe tirẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìpele kan péré ló fi yàtọ̀, ẹ máa rọra wà á títí ẹ ó fi pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jìnnà gan-an sí ti inú ìwé, ẹ dà á nù nísinsìnyí, kí ẹ sì pààrọ̀ fíltà pẹ̀lú. Tó bá wá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ni ẹ wà, tí ọ́ìlì ti lọ sílẹ̀, tí kò sì sí èyí tó bá a mu nítòsí, ẹ fi èyí tí ẹ bá rí kún un. Ẹ́ńjìnnì tí kò ní ọ́ìlì tó kò ní pẹ́ kú.